Físà Schengen kan fún Paris, Rome àti London: ṣé ó tó àbí kò tó?

ÌyáÀdùnní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ físà ti fẹ́ dà mí lórí rú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti ìyá ọkọ mi la fẹ́ jọ lọ gbafẹ́ lókè òkun. Kò sí ẹni tó rìn ín rí nínú wa. Bí mo ṣe tò ó nìyí: a ó balẹ̀ sí Paris, a ó sun oorun 4, a ó wọ bàálù lọ Rome, oorun 4, láti Rome a ó kọjá sí London, oorun 3, torí ọkọ mi ti búra pé òun gbọ́dọ̀ fi ojú ara òun rí pápá bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀, a ó wá padà sí Paris, ká sun oorun kan, ká sì wọ bàálù ilé lọ́jọ́ kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì alọ-àbọ̀ Paris ló dínwó jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo rí. Pásípọ́ọ̀tù tí a mú lọ́wọ́, kò sí èyí tó lè wọ ibẹ̀ láìgba físà.

Ṣé físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti tó fún gbogbo rẹ̀? Iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè wo ni kí n tọ̀ lọ fún un? Lọ́jọ́ tí a bá máa padà, pásípọ́ọ̀tù tèmi yóò ku oṣù 5 kó tó parí, ṣé wàhálà ni? Ẹnìkan tún ní kí n tètè san owó tíkẹ́ẹ̀tì kó tó gbówó lórí. Ẹ gbà mí o.

Arìnkiri

Schengen ti tó. Mo mọ ẹni tó fi wọ London lọ́dún 2019, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Yúróòpù kan náà ni. Ẹ máa lọ ní tiyín.

Alákọsílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Arìnkiri, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ọ̀nà tí ẹ júwe fún un yẹn, Rome ni wọ́n á ti dá a dúró, kò ní fojú kan bàálù London. Yúróòpù ni ìlú ọba wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ Schengen rí, àní nígbà tó ṣì wà nínú Ẹgbẹ́ Yúróòpù pàápàá. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen báyìí. Bulgaria àti Romania ló wọlé gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n mú àyẹ̀wò kúrò ní ẹnubodè orí ilẹ̀ wọn. Ẹ má sì fi Schengen pe Ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ireland àti Cyprus wà nínú Ẹgbẹ́, wọn ò sí nínú Schengen. Switzerland àti Norway ò sí nínú Ẹgbẹ́, wọ́n sì wà nínú Schengen.

Ìyá Àdùnní, físà méjì lẹ máa gbà, ti Schengen lọ́tọ̀, ti ìlú ọba lọ́tọ̀. Ibi tí eegun ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an ni pé ọjọ́ tí ẹ bá gbéra ní Rome lọ London, ẹ ti jáde ní Schengen. Tó bá jẹ́ físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún yín, ó ti tán nìyẹn, ìbáà ṣẹ́ ku ogún ọjọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ò ní lè padà wọ Paris lọ bá bàálù yín. Oorun kan péré tẹ́ ẹ fi gbẹ̀yìn yẹn ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

ÌyáÀdùnní

Yéè! Tíkẹ́ẹ̀tì Paris yẹn ni mo ti fẹ́ sanwó fún látàná, ọlọ́run ló ní kí íntánẹ́ẹ̀tì já. Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó sínú pápákọ̀ Paris náà, kó má jáde sígboro, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́?

Ẹyẹ-Àlọ

Ó sinmi lórí pásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́, àǹtí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà pápákọ̀ kó tó lè pààrọ̀ bàálù nínú Schengen, bí kò tiẹ̀ ní fẹsẹ̀ kan ìgboro. Tẹ́ ẹ bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan London sí Paris, ọ̀kan Paris sí ilé, ẹrù yín á jáde síta ní Paris. Kí ọwọ́ yín tó lè tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ìmígíréṣọ̀n. Èwo wá ni jíjókòó sínú? Ti Amẹ́ríkà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ bàálù níbẹ̀ lásán, iwájú ìmígíréṣọ̀n ni yóò gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń béèrè.

BàbáÀgbàOnírìnàjò

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ fi tèmi kún un, torí ohun tí Alákọsílẹ̀ sọ nípa ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa kà á lára físà.

Físà Schengen tí mo gbà nígbà kan, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, ó parí ní ọjọ́ 30. Mo kà á lọ́wọ́, ó jẹ́ ọjọ́ 28. Inú mi dùn, mo ní wọ́n ṣàánú àgbà. N kò mọ̀ pé ìlà kan ṣì wà nísàlẹ̀. Ìlà yẹn ni wọ́n kọ iye ìgbà tí o lè wọlé sí: 1, tàbí 2, tàbí MULT tó túmọ̀ sí iye ìgbà tó bá wù ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tí o lè lò. Tèmi, 12 ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ 3 sí 30 yẹn, gbèdéke lásán ni. Kí ọjọ́ 12 mi bọ́ sí àárín rẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fi ọjọ́ 15 lé e nítorí pé bàálù lè yẹ̀.

Ọjọ́ 15 ni mo lò. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó nínú gíláàsì ṣí ìwé mi, ó fi ìka rẹ̀ kan òǹtẹ̀ ọjọ́ tí mo wọlé, ó wo físà, ó tún padà sí òǹtẹ̀. Ó ń ka ọjọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Mo kúkú ti mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan, nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́. Wọn ò tì mí mọ́lé, àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ gba òmíràn, àlàyé tí mo kọ gùn ju ìwé ìfẹ́ lọ. Ọjọ́ tí o wọlé, wọ́n kà á. Ọjọ́ tí o jáde náà, wọ́n kà á.

Láyé òǹtẹ̀ nìyẹn o. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú àlejò ní ẹnubodè Schengen. Ẹ̀rọ ló ń ka ọjọ́ fúnra rẹ̀.

OlówóKékeré

Lórí ta ni kí ẹ tọ̀ lọ: ẹ wá orílẹ̀-èdè Schengen tí físà rẹ̀ kì í pẹ́, kì í ṣe dandan kó jẹ́ Faransé. Schengen ni Schengen ń jẹ́. Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè gba Paris wọlé.

Alákọsílẹ̀

OlówóKékeré, òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá ti máa pẹ́ jù lẹ máa mú ìwé lọ fún. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ni. Bí Ìyá Àdùnní ṣe kọ tirẹ̀ yẹn, oorun 5 ní Faransé, 4 ní Ítálì, Faransé ni.

Ẹyẹ-Àlọ

Mo fọwọ́ sí i. Mo ṣe ohun tí OlówóKékeré sọ yẹn rí, kí n má purọ́. Mo gba físà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kan, mo lọ balẹ̀ sí ibòmíràn. Ìbéèrè tó jáde lẹ́nu obìnrin ìmígíréṣọ̀n yẹn ni pé, "Hòtẹ́ẹ̀lì tó o kọ sínú fọ́ọ̀mù dà?" Mo ń wò bọ̀ọ̀. Ó fi mí sílẹ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ní òfin fún òun láyè láti fagi lé físà náà lójú ẹsẹ̀. Òógùn tó bò mí lọ́jọ́ yẹn!

OlówóKékeré

Ó dáa, mo gbà. Wọn ò mú èmi ṣá.

Gbọ́lájókòó

Kò sí ẹni tó tíì dáhùn ti pásípọ́ọ̀tù. Àbúrò, oṣù 5 kò tó o. Oṣù 6 ni gbogbo ayé ń béèrè. Ẹ lọ ṣe tuntun.

Ẹyẹ-Àlọ

Kì í ṣe gbogbo ayé, ẹ̀gbọ́n. Àwọn bíi Singapore àti Indonesia ló ń béèrè oṣù 6. Schengen ní tirẹ̀, oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá máa jáde ló ń fẹ́, kí ojú ìwé méjì ṣófo, kí wọ́n má sì tíì ṣe pásípọ́ọ̀tù náà ju ọdún 10 lọ. Ìlú ọba kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi lọ. Oṣù 5 yín tó.

Gbọ́lájókòó

Ó tó lórí ìwé, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n wò ó: bí físà bá pẹ́, tí wọ́n bá sún ìrìnàjò síwájú oṣù méjì ààbọ̀, ibo ni oṣù 5 yẹn wà? Tí ọwọ́ bá gba owó rẹ̀, tuntun ló fọkàn balẹ̀. Kí ẹ sì yẹ ti màmá wò dáadáa. Ti àwọn àgbà ló máa ń ya tàbí kí omi ti wọ̀ ọ́. Ojú ìwé tí fọ́tò wà yẹn, tí iké rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí létí, wọ́n lè kọ̀ ọ́.

ÌyáÀdùnní

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti màmá jáde. Iké rẹ̀ kò ṣí, ṣùgbọ́n òróró ti kán sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú kò ní nǹkan kan. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn, mo fi sínú ọ̀rá.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ìkòkò-Ìdáná

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì o!! Ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fi àyè pamọ́ nìkan ni Schengen ń béèrè. Ẹni tó sanwó tán kí físà tó dé, tí wọ́n bá kọ̀ fún un, òun ló mọ bí yóò ṣe gba owó rẹ̀ padà.

Ti hòtẹ́ẹ̀lì, ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ ajẹ́ńtì kan. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun á bá mi ṣe é. Ó ṣe é lóòótọ́, ìwé náà dára lójú. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ọjọ́ kejì tí mo fi ìwé sílẹ̀ ló ti fagi lé e. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò pe hòtẹ́ẹ̀lì, hòtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ò mọ̀ mí. Wọ́n sàmì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdí tí mo sọ pé mo ń bọ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Owó físà lọ, owó ajẹ́ńtì lọ. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gba hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí wọn ó fi dá yín lóhùn.

Òṣìṣẹ́Fẹ̀yìntì

Owó inú báǹkì náà ńkọ́? Èmi ni wọ́n kọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ṣàánú mi, ó kó owó ńlá sí àkáǹtì mi, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ fi ìwé sílẹ̀. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni. Owó tó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lóṣooṣù, tó sì ṣeé tọ́ka sí ibi tó ti wá, ló ní láárí lójú wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló fẹ́ gbé ìnáwó yín, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀ tì í. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tiyín.

Ìkòkò-Ìdáná

Ìnṣọ́ránsì o, mo gbàgbé. Kó gbé ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò, kó ká gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen, kó sì ká gbogbo ọjọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ti Ítálì nìkan, wọ́n dá a padà lọ ṣe òmíràn.

ÌyáÀdùnní

Ọmọ mi náà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀? Mo rò pé yóò wà lára tèmi.

Alákọsílẹ̀

Olúkúlùkù ló ń gba tirẹ̀, ìkókó pàápàá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san fún Schengen. Ọmọ tó ti pé ọdún 6 tí kò tíì pé 12, yúrò 45. Ọmọ tí kò tíì pé 6 kì í san. Ẹni tí kò pé 12, wọn kì í gba ìtẹ̀ka rẹ̀ fún físà náà. Ṣé bàbá àti ìyá ló jọ ń bá a lọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó rọrùn. Òbí tó bá ń dá mú ọmọ lọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà ìfọwọ́sí òbí kejì dání. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà.

Ọ̀nà-Kò-Tán

Mo ti kà á láti òkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yí ètò náà po, ìdajì wàhálà yìí á pòórá.

Ẹ fi London ṣáájú. Ẹ balẹ̀ síbẹ̀, ẹ sun oorun 3, kí bàbá Àdùnní lọ wo pápá rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar lọ Paris, oorun 4. Paris sí Rome, oorun 4. Rome ni kí ẹ ti wọ bàálù ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ wọ Schengen, ẹ̀ẹ̀kan lẹ jáde. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti tó yín. Faransé àti Ítálì wá dọ́gba, oorun 4 sí 4, Faransé lẹ sì kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ máa lọ, ẹ ò yí ìyẹn padà.

Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ ìlú kan, tó jáde ní ìlú mìíràn. Èyí tẹ́ ẹ rí tó dínwó yẹn lè dín díẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ẹ ro owó bàálù London sí Paris àti hòtẹ́ẹ̀lì oorun kẹyìn mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé tuntun yìí ló wọ́n.

Gbọ́lájókòó

Èyí mọ́gbọ́n wá. Físà wo ni wọn ó kọ́kọ́ gbà? Pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn ò lè fi í sílẹ̀ síbi méjì.

Ẹyẹ-Àlọ

Schengen ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó ń gba ìwé láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, ìlú ọba kì í gbà ju oṣù 3 lọ.

Ọ̀nà-Kò-Tán

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti ìlú ọba ni èmi á kọ́kọ́ gbà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ Faransé. Tí ẹni tó ń yẹ ìwé ní ti Faransé bá béèrè pé báwo lẹ ṣe máa dé London, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlú ọba sábà máa ń dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 3, ìyẹn ọjọ́ 21. Schengen, ọjọ́ 15. Tó bá le tán, 45. Tó bá burú jù, ọjọ́ 66. Oṣù 3 gùn jù bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti lè há ni ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún yín láti wá fi ìwé sílẹ̀, ẹ tètè gba ìyẹn.

Ẹyẹ-Àlọ

Ọjọ́ 66, ó ku ọjọ́ 24 péré fún wàhálà. Èmi ò lè fi ọkàn balẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n ti yín ni.

Adétòkun

Ẹ dákun, mo fẹ́ ya bàrá díẹ̀. Bí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti orílẹ̀-èdè kan, mo tẹ lẹ́tà O síbi tí òdo wà. Wọ́n fún mi ní físà náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ń yan. Ní pápákọ̀, obìnrin tó ń gba ẹrù wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé mi, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Físà yìí kì í ṣe ti pásípọ́ọ̀tù yìí." Bàálù gbéra, mo wà nílẹ̀. Èmi ò kúkú bá a jà: iléeṣẹ́ bàálù tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, òun náà ni yóò sì gbé onítọ̀hún padà.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ìkànnì tó fara jọ ti ìjọba. Ti ìlú ọba máa ń parí sí gov.uk.

Arìnkiri

Mo pe ẹni tí mo sọ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín mi títí. Ó ní àṣé n kò mọ̀ pé òun ní ìwé ìgbélùú ìlú ọba nígbà náà, pé òun ló fi wọlé. Ìyá Àdùnní, ẹ forí jì mí, ẹnu yá mi ni.

ÌyáÀdùnní

Ẹ ò ṣẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni, n kì bá tí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

A ti jókòó pẹ̀lú bàbá Àdùnní lálẹ́ àná. London, Paris, Rome, ilé. Ìlú ọba la ó kọ́kọ́ gbà. Màámi ní àwọn ò fẹ́ kánjú, a ti sún ìrìnàjò síwájú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká lè ráyè to ìwé wa dáadáa. Ìyẹn sì sọ oṣù 5 tèmi di oṣù 4 àti díẹ̀, mo ti lọ béèrè ti pásípọ́ọ̀tù tuntun láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n Gbọ́lájókòó, ẹ jàre mi.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọkọ̀ ojú irin yẹn, ṣé Paris la ó dé ká tó rí ìmígíréṣọ̀n Faransé?

Ọ̀nà-Kò-Tán

Rárá. London náà ni, ní ibùdókọ̀ St Pancras, kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Faransé jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Paris, ẹ kàn máa rìn jáde ni. Ẹ tètè dé ibùdókọ̀ o, ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, màmá ò sì ní fẹ́ dúró pẹ́. Kí pásípọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ ẹnìkan, kó má sì jẹ́ ọwọ́ Àdùnní.